Ṣé O Mọ̀? Ohun Tó Fara Pamọ́ Sínú Egungun Àgbọ̀n Rẹ

Ṣé o mọ̀ pé ní Dassa-Zoumè, ìlú àwọn Ìdáàṣà tí wọ́n ń pè ní ìlú òkè mọ́kànlélógójì, ọlọ́gbọ́n kì í gbẹ́ kànga ẹlẹ́rọ láìkọ́kọ́ yẹ abẹ́ ilẹ̀ wò? Àpáta tó yọ orí síta káàkiri ìlú náà, òun náà ló tẹ́ sábẹ́ ilẹ̀. Kò sí omi nínú àpáta tó dì. Ibi tí àpáta ti sán, tàbí ibi tó ti jẹrà di yẹ̀pẹ̀, ni omi ń sá sí. Nítorí náà ni àwọn onímọ̀ ilẹ̀ fi máa ń ri irin mọ́lẹ̀, tí wọ́n á rán iná mànàmáná gba inú ilẹ̀, kí wọ́n lè mọ ibi tó gba iná àti ibi tó kọ̀ ọ́, kí ẹ̀rọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í lu. Ẹni tó bá lu ú bẹ́ẹ̀ láìyẹ̀ ẹ́ wò lè na owó rẹ̀ tán lórí ihò gbígbẹ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ egungun àgbọ̀n rí lọ́jọ́ tí dókítà bá fẹ́ gbin eyín sí i. Ìyàtọ̀ kan ló wà: oníkànga ń wá ibi tí àpáta ti sán, dókítà eyín ń sá fún gbogbo ihò, egungun tó dì ló ń wá.

Ṣé o mọ ohun tí wọ́n ń gbìn gan-an? Kì í ṣe eyín. Sukúrúù kékeré ni, titanium ni wọ́n fi ṣe é. Fífẹ̀ rẹ̀ sábà máa ń wà láàárín mìlímítà 3.5 sí 5, gígùn rẹ̀ láàárín mìlímítà 8 sí 13. Òun ni yóò ṣe iṣẹ́ gbòǹgbò nínú egungun. Lẹ́yìn tí egungun bá ti gbá a mú ni wọn yóò tó de eyín mọ́ orí rẹ̀. Eyín àtọwọ́dá tí bàbá àgbà ń bọ́ sínú ife omi lálẹ́ yàtọ̀ sí èyí pátápátá. Orí erìgì nìyẹn ń jókòó lé.

Ṣé o mọ̀ pé ẹni tó ṣe àwárí ọ̀nà yìí kò wá eyín rárá? Per-Ingvar Brånemark, dókítà ará Sweden, ń wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn nínú egungun ẹsẹ̀ ehoro ní ìlú Lund ní 1952. Ó ti ki ohun èlò titanium kékeré kan bọ inú egungun náà kí ó lè máa rí inú rẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ parí, ó fẹ́ yọ ohun èlò rẹ̀, torí pé ó wọ́n. Egungun kò fi sílẹ̀. Ó ti hù mọ́ ọn. Ní 1965, ní Gothenburg, ó fi irú irin bẹ́ẹ̀ mẹ́rin sínú àgbọ̀n ìsàlẹ̀ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Gösta Larsson. Larsson fi wọ́n jẹun fún ogójì ọdún. Ọdún 2006 ló kú, àwọn irin náà sì wà ní ipò wọn.

Ọdún 1965 kan náà ni Thurstan Shaw, awalẹ̀pìtàn, àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ hú egungun ènìyàn kan jáde ní Ihò Eléérú, lẹ́bàá Àkúrẹ́ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Agbárí wà níbẹ̀, egungun àgbọ̀n náà wà níbẹ̀. Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2011 fi ọjọ́ orí rẹ̀ sí àárín ọdún 11,700 sí 16,300 sẹ́yìn. Ilẹ̀ wa kì í tọ́jú egungun: òjò pọ̀, ilẹ̀ kan, kíákíá ni egungun ń jẹrà. Àgbọ̀n ìsàlẹ̀ wà lára èyí tó máa ń pẹ́ jù, nítorí pé èèpo rẹ̀ nípọn, ó sì le.

Ṣé o mọ̀ pé ẹ̀síréè ló yanjú àríyànjiyàn kan lórí eyín àtijọ́? Ní 1931, ní Honduras, wọ́n rí àjákù àgbọ̀n ẹnìkan nínú àwọn ará Máyà, tó gbé ayé ní nǹkan bí ọdún 600 lẹ́yìn ikú Olúwa. Ìkarahun tí wọ́n gbẹ́ bí eyín, mẹ́ta, wà níbi tí eyín iwájú yẹ kí ó wà. Àwọn ènìyàn ní ẹ̀yìn ikú ni wọ́n fi wọ́n síbẹ̀, fún ẹ̀ṣọ́ òkú. Ní 1970, Amadeo Bobbio, dókítà ará Brazil, ya àwòrán rẹ̀: egungun ti hù yí àwọn ìkarahun náà ká. Egungun òkú kì í hù. Ẹni náà wà láàyè nígbà tí wọ́n ti eyín wọ̀nyẹn bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ó sì pẹ́ tó láti fi wọ́n jẹun.

Fún nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn oníṣègùn Yúróòpù gbà pé egungun méjì ni àgbọ̀n ìsàlẹ̀ ènìyàn, torí pé Galen, oníṣègùn ayé àtijọ́, sọ bẹ́ẹ̀, Galen sì jẹ́ ẹni tí wọn kì í jiyàn sí. Ara ẹranko ló ti wò ó. Ọdún 1543 ni oníṣègùn Vesalius wo ti ènìyàn, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹyọ kan ni. Síbẹ̀ Galen kò jìnnà sí òtítọ́ tó bẹ́ẹ̀: nígbà tí a bí ọ, méjì ni àgbọ̀n ìsàlẹ̀ rẹ jẹ́. Àárín ọdún àkọ́kọ́ ni apá méjèèjì so pọ̀ níwájú.

Àgbọ̀n ìsàlẹ̀ ni egungun kejì tó ń bẹ̀rẹ̀ sí í le lára ọmọ inú oyún, ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹfà. Egungun èjìká iwájú nìkan ló ṣáájú rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé nítorí eyín ni egungun tó yí eyín ká ṣe wà níbẹ̀? Bí eyín bá ti kúrò, ara kò rí ìdí tí yóò fi máa bọ́ egungun náà mọ́. Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2003 fi hàn pé láàárín oṣù méjìlá tí a yọ eyín ẹ̀yìn kan, fífẹ̀ egungun ibẹ̀ lè dín kù dé ìdajì, oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ sì ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń lọ. Antje Tallgren, ará Finland, tẹ̀ lé àwọn tí kò ní eyín kankan fún ọdún 25, ó sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1972: egungun tí àgbọ̀n ìsàlẹ̀ ń pàdánù tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin ti òkè. Ìdí nìyẹn tí ẹnu ìyá àgbà tí kò ní eyín fi ń wọlé, tí àgbọ̀n rẹ̀ sì ń yọ síwájú. Ẹ máa ń rò pé awọ ló rọ̀. Egungun ló lọ.

Ìdí nìyẹn náà tí «màá gbìn ín tó bá dọdún tó ń bọ̀» fi lè sọ iṣẹ́ kékeré di iṣẹ́ ńlá. Kì í ṣe pé kò ṣeé ṣe mọ́. Wọ́n lè bu egungun láti ibòmíràn, láti àgbọ̀n fúnra rẹ̀ tàbí láti ìbàdí, kí wọ́n fi dí i. Ṣùgbọ́n ìyẹn iṣẹ́ abẹ méjì, owó méjì, ìrora méjì.

Ó kù díẹ̀ kí a dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ṣé o mọ̀ pé ihò kan gba inú àgbọ̀n ìsàlẹ̀ rẹ kọjá, lọ́tùn-ún àti lósì? Inú, lápá ẹ̀yìn, níbi tí egungun ti ń gòkè lọ sí ìhà etí, ló ti wọlé. Ó gba abẹ́ gbòǹgbò àwọn eyín ẹ̀yìn. Ó yọ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́, nísàlẹ̀ eyín kẹrin tàbí ìkarùn-ún bí o bá kà á láti àárín ẹnu. Iṣan ìmọ̀lára kan wà nínú ihò yìí, òpó ẹ̀jẹ̀ sì ń bá a rìn. Iṣan yìí ló ń sọ fún ọ pé ẹ̀kọ gbóná ti kan ètè rẹ. Bí ẹ̀rọ bá gé e, tàbí tí sukúrúù bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ètè yóò ṣì máa mì, torí pé iṣan mìíràn ló ń darí ìrìn rẹ̀. Ìmọ̀lára nìkan ni yóò kú. Ọbẹ̀ yóò máa ṣàn sí ọ lágbọ̀n lójú àwùjọ, ìwọ kò ní mọ̀. Wàá bu ètè jẹ, ẹ̀jẹ̀ ni yóò sọ fún ọ. Ti àwọn kan a máa san láàárín oṣù mélòó kan. Ti àwọn mìíràn kì í san mọ́.

Nítorí náà ni wọ́n fi ní kí ìsàlẹ̀ sukúrúù jìnnà sí òrùlé ihò yìí ní mìlímítà 2, ó kéré tán. Mìlímítà 2! Sísanra owó ẹyọ kan ni.

Iṣan yìí kan náà ló sọ orúkọ ọmọ Nàìjíríà kan di ohun tí wọ́n ń kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ eyín káàkiri ayé, ó sì yà mí lẹ́nu pé àwa kì í sọ ọ́ fún ara wa. J. O. Akinosi lorúkọ rẹ̀. Orúkọ náà ti sọ ibi tó ti wá. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ kankan ní àgbọ̀n ìsàlẹ̀, abẹ́rẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń gún láti pa iṣan náà kú fún wákàtí mélòó kan. Dókítà William Halsted ló kọ́kọ́ ṣe é ní New York, láàárín 1884 sí 1885, kokéènì ló sì fi ṣe é. Láti ìgbà náà, aláìsàn gbọ́dọ̀ la ẹnu gbàgà kí dókítà tó rí ibi tí yóò gún. Ṣùgbọ́n kí ni ẹni tí ẹnu rẹ̀ kò ṣeé là yóò ṣe? Ẹni tí kòkòrò ti wọ gbòǹgbò eyín rẹ̀ títí tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi wú, tí iṣan àgbọ̀n fi le gbagidi? Ẹni tí ọ̀kadà gbé ṣubú? Ní 1977, nínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣẹ́ abẹ ẹnu ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Akinosi ṣàlàyé bí a ṣe ń gún abẹ́rẹ́ náà nígbà tí ẹnu wà ní pípadé. Abẹ́rẹ́ á tọ ẹ̀gbẹ́ eyín òkè lọ ní gbọọrọ, ní ìbú, á gba àárín ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti eyín, títí yóò fi dé àyè kékeré tó wà nínú egungun lẹ́yìn, níbi tí iṣan náà wà kí ó tó wọ ihò rẹ̀. Kò kan egungun, kò sì béèrè pé kí aláìsàn ya ẹnu. Vazirani ti kọ nípa irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ní 1960, ọ̀pọ̀ ìwé sì máa ń so orúkọ àwọn méjèèjì pọ̀. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìwé Akinosi ni ọ̀nà náà tó tàn kálẹ̀, láìpẹ́ sí ìgbà tí Gow-Gates ará Ọsirélíà gbé tirẹ̀ jáde ní 1973. Dókítà eyín tó bá gún ọ lábẹ́rẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní São Paulo lónìí mọ «Akinosi», kódà bí kò bá mọ ibi tí Ìbàdàn wà.

Mo dárúkọ Ìbàdàn nítorí pé ní 1969, Akinosi àti A. O. Williams ti kọ̀wé lórí kókó kan tó ń hù láti ara ohun tó ń di eyín, èyí tí wọ́n rí ní Ìbàdàn. Ameloblastoma lorúkọ rẹ̀. Kì í ṣe jẹjẹrẹ tó ń tàn ká ara lọ́pọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n ó ń jẹ egungun láti inú, díẹ̀díẹ̀, láìdun ẹni. Ìdí nìyẹn tí àwọn ènìyàn fi ń gbé e kiri fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó wá sí ọsibítù, nígbà tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti wú gan-an. Lórí ẹ̀síréè ó máa ń hàn bí ìfọ́fọ̀ọ́ ọṣẹ tó so mọ́ra. Kò sí ẹni tó lè fojú lásán rí i nígbà tó ṣì kéré. Dókítà tó bá ya àwòrán nítorí eyín gbígbìn lè ṣe kòńgẹ́ rẹ̀ kí ó tó di ńlá, èrè ńlá sì nìyẹn.

Ọmọdé ńkọ́? Ní 1958, Denis Burkitt, dókítà abẹ ní Uganda, kọ̀wé nípa wúwú àgbọ̀n kan tó ń pa àwọn ọmọdé ilẹ̀ Áfíríkà. Epstein, Achong àti Barr rí kòkòrò tó so mọ́ ọn ní 1964. Ọ̀kan lára àmì rẹ̀ àkọ́kọ́ lórí àwòrán ni pé ìlà funfun tín-ín-rín tó yí gbòǹgbò eyín ká á parẹ́. Eyín ọmọ tó ń mì nígbà tí kò tíì tó àkókò, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ sì ń wú, ọsibítù ló yẹ kí ó lọ lọ́jọ́ náà. Oògùn ń wò ó.

Ọmọdé kò gbọ́dọ̀ gbin eyín o. Àgbọ̀n rẹ̀ ṣì ń dàgbà, eyín tòótọ́ sì ń bá egungun gòkè. Sukúrúù kò mọ̀ ọ́n ṣe. Tí o bá fi sí ọmọ ọdún méjìlá lẹ́nu, nígbà tó bá di ogún ọdún, eyín yẹn yóò ti rì sẹ́yìn àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé apá iwájú àgbọ̀n ìsàlẹ̀, ibi tí ọ̀pọ̀ rò pé kò léwu, ló lè pa ènìyàn? Nínú, lábẹ́ ahọ́n, òpó ẹ̀jẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ń gba ihò kéékèèké wọ inú egungun. Tí ẹ̀rọ bá gún egungun jáde sí ìhà ahọ́n, tó sì já òpó náà, ẹ̀jẹ̀ yóò máa kún abẹ́ ahọ́n láìhàn síta. Ahọ́n á gbé sókè, á sún sẹ́yìn, ọ̀nà èémí á dí. Àwọn dókítà ti kọ irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ nínú ìwé ìròyìn wọn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Lápá ẹ̀yìn náà, ẹ̀gbẹ́ inú egungun máa ń kó wọlé. Lójú, o rò pé egungun fẹ̀, nígbà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti tín-ín-rín.

Òkè wá ńkọ́? Ihò afẹ́fẹ́ ńlá ló wà lórí gbòǹgbò eyín ẹ̀yìn òkè, lọ́tùn-ún lósì. Leonardo da Vinci ti yà á ní 1489, ṣùgbọ́n orúkọ Nathaniel Highmore, ẹni tó kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1651, ló lẹ̀ mọ́ ọn. Lẹ́yìn tí eyín bá kúrò, ihò yìí máa ń sọ̀ kalẹ̀, egungun abẹ́ rẹ̀ á sì fẹ́lẹ́, nígbà mìíràn kò ní ju mìlímítà 2 tàbí 3 lọ. Wọ́n lè gbé awọ inú ihò náà sókè kí wọ́n fi egungun sábẹ́ rẹ̀. Hilt Tatum bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní Amẹ́ríkà láàárín àwọn ọdún 1970, Boyne àti James sì kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1980. Tí dókítà kò bá mọ̀ pé ihò náà ti sọ̀ kalẹ̀, sukúrúù lè já bọ́ sínú rẹ̀.

Egungun apá ẹ̀yìn lókè ló rọ̀ jù. Iwájú ìsàlẹ̀ ló le jù. Nítorí náà ni Brånemark fi ń dúró oṣù mẹ́ta nísàlẹ̀ àti oṣù mẹ́fà lókè kí ó tó de eyín mọ́ ọn.

Líle náà ní ewu tirẹ̀. Eriksson àti Albrektsson fi hàn ní 1983 pé bí egungun bá gbóná dé 47°C fún ìṣẹ́jú kan ṣoṣo, ó lè kú. Ìdí tí omi tútù fi ń ṣàn sórí ẹ̀rọ nígbà tí ó ń lu nìyẹn. Kì í ṣe fún fífọ ẹnu rẹ.

Báwo ni wọ́n ṣe ń rí gbogbo èyí láìtíì la ẹran? Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Röntgen rí ìtànṣán ẹ̀síréè ní oṣù Kọkànlá 1895. Kí oṣù Kíní 1896 tó parí, Otto Walkhoff, ará Jámánì, ti ya eyín ara rẹ̀. Ìṣẹ́jú márùndínlọ́gbọ̀n ló fi jókòó láìmira, tó ń gba ìtànṣán sórí. Lónìí, kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan. Edmund Kells ti New Orleans, ọ̀kan lára àwọn aṣáájú ẹ̀síréè eyín ní Amẹ́ríkà, máa ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ di fíìmù mú sẹ́nu aláìsàn. Jẹjẹrẹ bá a ní ọwọ́, wọ́n gé ìka rẹ̀, wọ́n gé apá rẹ̀. Ọdún 1928 ló kú.

Yrjö Paatero ti ilẹ̀ Finland ló gbé ẹ̀síréè tó ń yí orí ká kalẹ̀, èyí tí a mọ̀ sí OPG, tó ń fi gbogbo eyín àti àgbọ̀n hàn lójú ìwé kan. Ó dára, owó rẹ̀ kò pọ̀, ó sì máa ń parọ́. Ohun tó bá fi hàn tóbi ju bó ti rí lọ, láti ìdá mẹ́wàá sí ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún: egungun tí o rí bíi mìlímítà 15 lè má ju 12 lọ. Dókítà tó mọṣẹ́ á fi bọ́ọ̀lù irin tó mọ ìwọ̀n rẹ̀ sẹ́nu aláìsàn kí wọ́n tó yà á, á wá fi bí bọ́ọ̀lù náà ṣe tóbi lórí àwòrán ṣírò ìyókù. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí OPG kò lè sọ láéláé, ìyẹn bí egungun ṣe nípọn tó láti ìhà ẹ̀rẹ̀kẹ́ sí ìhà ahọ́n. Àwòrán títẹ́ ni.

Yọ yẹtí rẹ kí o tó wọ inú ẹ̀rọ yẹn. Yẹtí ọ̀tún á yọ bí òjìji ràkọ̀ràkọ̀ ní apá òsì, sókè díẹ̀, ó sì lè bo ohun tí dókítà ń wá mọ́lẹ̀. Bákan náà ni pín-ìn-nì gèlè, ẹ̀gbà ọrùn àti òrùka imú.

Ṣé o mọ̀ pé Áfíríkà wà nínú ìtàn ẹ̀rọ CT, èyí tó ń fi hàn ohun tí àwòrán títẹ́ kò lè fi hàn? Allan Cormack, tí wọ́n bí ní Johannesburg, ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù Groote Schuur ní Cape Town ní 1956 nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í ronú nípa bí a ṣe lè fi ìṣirò mú inú ara jáde láti inú ọ̀pọ̀ ẹ̀síréè. Godfrey Hounsfield, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló kọ́ ẹ̀rọ náà, ó sì ya aláìsàn àkọ́kọ́ ní 1971. Àwọn méjèèjì jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 1979. Ẹ̀rọ tó wà fún eyín gan-an, CBCT, ti Verona ní Ítálì jáde. Mozzo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1998. Ẹ̀ẹ̀kan ni yóò yí orí rẹ ká, láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 10 sí 40, kọ̀ǹpútà á sì tò ó jọ sí àwòrán tó ní gíga, fífẹ̀ àti jíjìn, tí ìwọ̀n rẹ̀ bá ti egungun dọ́gba. Dókítà lè gé e wò bó bá ṣe fẹ́. Orí rẹ̀ ni ihò iṣan ti ń hàn kedere, orí rẹ̀ sì ni wọ́n ti ń rí i pé ti ẹlòmíràn pín sí méjì, tàbí pé iṣan náà ṣe ìkọ́ síwájú kí ó tó yọ síta.

Adé eyín onírin máa ń ya ìlà dúdú àti funfun sórí CBCT. Bẹ́ẹ̀ sì ni mímira. Dúró jẹ́ẹ́.

Ẹ̀rù ìtànṣán ń bà ọ́? Ó dára kí ó bà ọ́, ní ìwọ̀nba. Gbogbo ènìyàn ayé ń gba ìtànṣán láti ojú ọ̀run, láti inú ilẹ̀ àti láti inú oúnjẹ: àròpọ̀ rẹ̀ lọ́dún fún ẹnìkan jẹ́ nǹkan bíi 2,400 microsievert. OPG kan sábà máa ń wà láàárín 10 sí 25, ìyẹn ìtànṣán ọjọ́ méjì sí mẹ́rin. CBCT ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó lè jẹ́ 20, ó lè dé ọgọ́rọ̀ọ̀rún, ó dá lórí bí ibi tí wọ́n yà ṣe fẹ̀ tó. Àpáta akọ bí èyí tó kún Dassa-Zoumè náà ní yuréníọ̀mù àti tọ́ríọ̀mù díẹ̀ nínú. Àwọn olùjọsìn tó ń wọ́ lọ sí ihò àdúrà Notre-Dame d'Arigbo níbẹ̀ lóṣù Kẹjọ ọdọọdún ń gba tiwọn lára àpáta láìmọ̀, kò sì sí ohun tó ń ṣe wọ́n. Ohun tó yẹ ni pé kí wọ́n má ya ju ibi tí wọ́n nílò lọ. Tí o bá lóyún, sọ ọ́.

Èyí tó ya ọ̀pọ̀ dókítà lẹ́nu: ní oṣù Kejì 2024, ẹgbẹ́ àwọn dókítà eyín ti Amẹ́ríkà ní kí wọ́n dẹ́kun fífi aṣọ òjé bo àyà àti ọrùn aláìsàn fún ẹ̀síréè eyín. Ẹ̀rọ ìsinsìnyí ti dára tó bẹ́ẹ̀ tí aṣọ náà kàn ń dí àwòrán lọ́wọ́, tí wọ́n á wá ní láti tún un yà.

Wọ́n tún máa ń fi àwòrán CBCT tẹ ohun kan tí wọn yóò fi bo eyín, tó ní ihò tí ẹ̀rọ yóò gbà, kí ó má baà yà. Ó dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n àkópọ̀ àwọn ìwádìí ṣì ń fi hàn pé ó máa ń yẹ̀ ní nǹkan bíi mìlímítà kan ní ẹnu ihò, ó sì máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀ nísàlẹ̀. Wàyí o, o ti mọ ìdí tí wọn kò fi lè fi mìlímítà 2 ṣeré.

Oògùn kan wà tí àwòrán kò lè fi hàn: oògùn tí wọ́n ń fún àwọn tó ní jẹjẹrẹ tàbí egungun rírọ̀ kí egungun wọn má baà jẹrà. Dókítà Robert Marx kìlọ̀ ní 2003 pé egungun àgbọ̀n àwọn tó ń lò ó lè kú lẹ́yìn iṣẹ́ eyín. Ìtọ̀ ṣúgà tí kò sí níkàáwọ́ àti sìgá náà ń ba eyín gbígbìn jẹ́. Ẹnu rẹ ni dókítà yóò ti gbọ́ èyí.

Ẹni tó bá wà ní Dassa-Zoumè yóò rin nǹkan bí igba kìlómítà kí ó tó dé Kútọnu. Kò pọn dandan kí ó máa lọ kí ó máa bọ̀ nítorí àwòrán: láti 1993 ni ọ̀nà ìtọ́jú àwòrán tí wọ́n ń pè ní DICOM ti wà, ẹ̀rọ ibi gbogbo ló sì ń kà á. Wọ́n lè yà á ní Kútọnu, kí wọ́n kà á ní Ìbàdàn tàbí ní Paris. Nítorí náà, kí o tó gbà kí ẹnikẹ́ni lu àgbọ̀n rẹ, ní kí ó fi ihò iṣan hàn ọ́ lórí àwòrán, kí ó sì sọ iye mìlímítà tó wà láàárín rẹ̀ àti ìsàlẹ̀ sukúrúù. Tí àwòrán títẹ́ nìkan ló ní, bi í léèrè bó ṣe mọ bí egungun ṣe nípọn tó. Kí o sì gba ẹ̀dà fáìlì náà lọ́wọ́ wọn kí o tó kúrò níbẹ̀. Owó rẹ ni wọ́n fi yà á.